Ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀ka kan: igi wo lèyí?

Ìbéèrè mẹ́rin nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí ló dá lórí igi kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mẹ́rin tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, méjì nínú wọn kò sì mọ orúkọ igi náà rárá. Mo kó wọn pọ̀ sójú kan. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, torí ẹni tó kọ ọ́ ti mú àdá dání.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Igi kan hù lẹ́yìn ilé wa, èmi kọ́ ni mo gbìn ín. Mo kọ́kọ́ rò pé ìpín ni, nítorí ewé rẹ̀ ń ha ni lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn ewé náà kò bá ara wọn mu. Òmíràn rí bí ọkàn, òmíràn ya ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, òmíràn ya sí mẹ́ta tàbí márùn-ún, orí ẹ̀ka kan náà sì ni gbogbo wọn wà. Tí mo bá já a, oje funfun á máa kán. Mo ti bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìgbà kejì, kì í ṣe ẹyọ kan ló padà wá, ọ̀wọ́ ni. Àwọn mìíràn hù síbi tó jìnnà sí kùkùté tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Èyí tó ga jù ti so èso pupa roboto, ẹyẹ kì í kúrò lórí ẹ̀. Mo fi àwòrán àti ẹ̀ka kan ránṣẹ́ sí yín. Igi wo ni? Ṣé kí n tún bẹ́ ẹ ni?
Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé àdá yẹn jẹ́ẹ́ ná. Kì í ṣe pé igi náà kò yẹ kó lọ. Ó yẹ kó lọ. Ṣùgbọ́n àdá nìkan kò lè lé e. Àdá ló sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀ka tí ẹ fi ránṣẹ́ ti gbẹ, ewé rẹ̀ sì ti ká kò, síbẹ̀ ó ṣì lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Mo rẹ ewé méjì sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ títí wọ́n fi rọ̀, mo wá tẹ́ wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo fi àtàǹpàkò ra ojú ewé: ó le, ó ń ha ni. Mo yí i padà, mo fi àtàǹpàkò kan náà ra ẹ̀yìn rẹ̀: ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé e, mo sì rí irun funfun wẹ́wẹ́ tó bo ẹ̀yìn ewé náà pátá, ó pọ̀ débi pé ó ti sọ àwọ̀ ewé náà di eérú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìpín. Ìpín kì í ṣe ojú méjì bẹ́ẹ̀: iwájú ẹ̀ le, ẹ̀yìn ẹ̀ náà le.

Mo wá wo ara ẹ̀ka náà. Lára ìpín, àti lára ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n jọ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, àpá tín-ín-rín kan máa ń yí ẹ̀ka ká bí òrùka níbi tí ewé bá ti so mọ́ ọn. Awọ tó bo ọmọ ewé nígbà tó ń bọ̀ ló já bọ́ tó fi àpá yẹn sílẹ̀. Lára ẹ̀ka tiyín, mi ò rí òrùka. Àpá kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọn kò sì pàdé.

Èso tó wà nínú àwòrán ló parí ẹjọ́ náà. Èso ìpín dà bí ọ̀pọ̀tọ́ kékeré: ó dé ara rẹ̀ mọ́nú, inú lọ́hùn-ún ni òdòdó rẹ̀ pamọ́ sí. Tiyín rí bíi bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ẹran pupa tútù yọ orí jáde lára rẹ̀ káàkiri, kóró kékeré kan sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Broussonetia papyrifera ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní paper mulberry. Papyrifera túmọ̀ sí èyí tó ń mú tákàdá jáde, nítorí náà igi tákàdá ni èmi máa ń pè é. Ẹ bá mi pè é bẹ́ẹ̀. Ṣáínà, Taiwan àti àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká ní ìlà oòrùn Éṣíà ni ilé rẹ̀. Ẹbí kan náà ni òun àti ìpín, ọdán, àfọ̀n àti ìrókò. Ìdí nìyẹn tí oje kò fi lè bá yín yà á sọ́tọ̀. Oje ni púpọ̀ nínú ẹbí yẹn fi jọra.

Ewé tí kò bá ara wọn mu, tó dà yín láàmú, òun gan-an ló rọrùn jù láti fi dá igi yìí mọ̀. Ewé orí ẹ̀ka ọ̀dọ́ àti ewé ohun tó hù lára kùkùté ló máa ń ya. Èyí tó ya ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo a rí bí ọwọ́ tó na àtàǹpàkò síta. Bí igi bá ti ń gbó sí i, ewé òkè a máa di odindi, a rí bí ọkàn tó ní ṣóńṣó lẹ́nu. Ẹni tó bá wo orí igi àgbà nìkan lè máà rí ewé yíya kankan, kó wá búra pé igi mìíràn ni. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan kí n tó lọ síwájú, torí ó máa ń dùn mí. Mo ti dé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fa ọmọ ìrókò tu, tí wọ́n ní igi àjèjì làwọn ń fà. Ewé ọmọ ìrókò le, etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, oje funfun sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á ṣì í mú. Ẹ gbé ewé sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo iṣan rẹ̀. Ti igi tákàdá, iṣan ńlá mẹ́ta ló jọ tan jáde láti ìdí ewé, bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ adìyẹ. Ti ìrókò, iṣan ńlá kan ló la àárín kọjá, àwọn tó kù tò sí i lára lọ́tùn-ún lósì bí egungun ẹja, ewé rẹ̀ kì í sì í ya. Ìrókò tí ẹ bá fà tu lónìí, ọwọ́ ọmọ-ọmọ yín lẹ ti gbà á.

Ó wá ku ìdí tó fi pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ bẹ́ ẹ. Ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe èmi náà rí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi, mo bẹ́ abo igi tákàdá kan, èyí tó ń so èso, tó nípọn tó itan mi. Àáké ni mo lò, mo bẹ́ ẹ kanlẹ̀, mo sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, mo padà lọ wo ibẹ̀, mo ka ohun tó hù: mẹ́tàdínlógójì. Méjìlá wà lára kùkùté, gbogbo àwọn tó kù hù láti inú ilẹ̀ gbalasa. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka tọ gbòǹgbò ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀. Kò jìn rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ju gígùn ìka mi lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ gbọọrọ bí okùn tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò. Bí mo ṣe ń tọ̀ ọ́ ni mò ń kan ọmọ, ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, gbogbo wọn so mọ́ gbòǹgbò kan náà bí ọmọ tó ń mu ọmú. Igi tí mo rò pé mo ti pa ni gbogbo wọn.

Inú gbòǹgbò ni igi yìí ń tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ sí. Nígbà tí orí rẹ̀ bá wà lókè, orí ló ń pàṣẹ pé kí àwọn ojú tó wà lára gbòǹgbò máa sùn. Bí ẹ bá gé orí, kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ mọ́, gbogbo ojú á jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì tún ti ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn. Oòrùn ni igi yìí ń wá ju ohunkóhun lọ, ẹ ó sì tún rí i nínú àwọn ìdáhùn tó kù, torí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Àwọn tó hù láti inú kóró, tí wọn kò tíì ga ju orúnkún lọ, ẹ fi ọwọ́ fà wọ́n tu lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Ẹ ó dá wọn mọ̀: ọmọ kóró á bá gbòǹgbò tirẹ̀ jáde tán pátá, ọmọ gbòǹgbò á kán mọ́ yín lọ́wọ́, á sì tún hù.

Igi ńlá ńkọ́? Ẹ má bẹ́ ẹ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ fi àdá ṣá a yíká ní ibi mélòó kan, kí ojú ọgbẹ́ dà bí àpò tó lanu sókè, kí ẹ sì kán oògùn apakoríko tó ní glyphosate nínú sínú ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, kó tó gbẹ. Ìparí àsìkò tí igi ń dàgbà ló dára jù, torí nígbà náà ló ń kó oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ sí gbòǹgbò, á sì gbé oògùn náà lọ mọ́ ọn. Ẹ dúró títí ewé rẹ̀ á fi rọ tán kí ẹ tó wá bẹ́ ẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ka ohun tó wà lára ike oògùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má sì lò ó létí omi. Abo ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjú sí, kí èso rẹ̀ tó pọ́n.

Tí ẹ kò bá fẹ́ fọwọ́ kan oògùn, ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n sùúrù ló gbà. Ẹ máa gé ohun tó bá hù ní gbogbo ìgbà tó bá ti yọrí, láìsinmi, títí oúnjẹ inú gbòǹgbò á fi tán. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀, wọ́n lè bá yín ṣe é. Ẹni tó bá gbójú kúrò fún oṣù mélòó kan, àtìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti mú un.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ ní gbangba. Ẹ gbin igi onílé tó ń tètè na apá síbẹ̀ kí ìbòòji lè bo ilẹ̀. Ọmọ igi tákàdá kì í rí ara gbé nínú ìbòòji. Mo ti rí ẹni tó pa igi náà dáadáa, tó ṣe gbogbo ohun tí mo sọ yìí, tó wá fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán. Lọ́dún kejì, ẹyẹ tó ń bà sórí ọgbà ti bá a gbin òmíràn.

Ìbéèrè

Ẹ ṣeun tí ẹ máa ń fi sùúrù dá wa lóhùn. Mo kà á níbì kan pé àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì ti ń gbin igi kan tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe aṣọ. Broussonetia papyrifera ni orúkọ tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún kà pé igi àjèjì tó ń lé onílé ni níbòmíràn. Ṣé igi méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan ni? Tí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀rẹ́ níbì kan, tó di ọ̀tá níbòmíràn?
Ìyá Adùn

Ìdáhùn

Igi kan náà ni, mà. Ìbéèrè yín ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tó wọlé lóṣù yìí.

Igi tákàdá máa ń jẹ́ akọ tàbí abo, bíi ti ìrókò. Igi kan kì í ṣe méjèèjì. Nígbà tí àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn lórí òkun Pàsífíìkì, ohun tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ni ẹ̀ka àti ọmọ gbòǹgbò, wọn kò gbé kóró. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan tọpa ìran igi wọ̀nyí láti inú ewé wọn, ipa náà sì mú wọn padà dé gúúsù Taiwan. Nígbà tí wọ́n tún yẹ akọ àti abo wò ní àwọn erékùṣù náà, yàtọ̀ sí Hawaii, abo ni wọ́n ń bá. Ẹ wo bó ṣe rí: abo ránṣẹ́ sí abo, láti erékùṣù dé erékùṣù, akọ kò sí níbẹ̀. Abo tí kò rí akọ kò lè so kóró tó máa hù. Àwọn tó ń gbìn ín kì í tilẹ̀ jẹ́ kó gbó tó ẹni tó ń tanná. Ìgbà tó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ń gé e, tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n ń lù ú títí á fi fẹ̀ bí aṣọ. Ngatu ni wọ́n ń pe aṣọ náà ní Tonga, siapo ní Samoa, masi ní Fiji, kapa ní Hawaii. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn bá gbé e dé ló ń dé.

Ẹ wá wo Ghana. Ọdún 1969 ni wọ́n mú un wọ ibẹ̀, láti dán an wò bóyá ó máa ṣeé fi ṣe tákàdá. Pra-Anum àti Afram Headwaters wà lára igbó ìjọba tí wọ́n ti dán an wò. Akọ wà níbẹ̀, abo wà níbẹ̀. Èso pọ́n. Ẹyẹ jẹ ẹ́, àdán jẹ ẹ́, wọ́n sì lọ yà á síbi tó wù wọ́n. Lónìí, tí àwọn onímọ̀ igbó ibẹ̀ bá ń ka ewéko àjèjì tó ń yọ igbó wọn lẹ́nu, ewé Akíntọ́lá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, igi tákàdá ló ń tẹ̀ lé e.

Mi ò wá ní bá ẹnikẹ́ni pe igi yìí ní igi búburú. Èèpo rẹ̀ gùn, ó lágbára, kì í tètè ya. Washi, tákàdá tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ní Japan, tó wọ àkójọ ogún àjogúnbá UNESCO ní 2014, èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí mo bínú sí ni bí wọ́n ṣe ń gbé igi kúrò nílé rẹ̀ láìbéèrè ohun méjì: ta ni yóò jẹ èso rẹ̀, ta ni yóò sì dá a dúró?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, àbúrò yín ni mí. Olùkọ́ wa sọ pé igi tákàdá ń pa igbó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni, pé ẹyẹ àti ẹranko ń jẹ ẹ́, pé ó ń bo ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀, pé ńṣe ló ń bá wa dá igbó padà. Ta ló jàre nínú wọn?
Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ igbó

Ìdáhùn

Àbúrò mi, òótọ́ wà lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ, àmọ́ kò rìn ín dé ìdí.

Igi tákàdá kì í fipá wọ igbó tó dí. Mo ti rìn nínú igbó kan tí abo rẹ̀ wà létí ọ̀nà, tí èso rẹ̀ ń já bọ́ lọ́dọọdún. Mo kúrò lójú ọ̀nà, mo wọ inú lọ tó ogójì ìgbésẹ̀, níbi tí orí àwọn igi ńlá ti pàdé lókè, mi ò rí ẹyọ kan. Mo tún rìn síwájú, mo dé ibi tí igi ńlá kan ti wó, tí ojú ọ̀run ti hàn gbangba. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn. Wọ́n dí débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gba àárín wọn kọjá, ewé wọn ń ha mí lápá. Àdán kì í yan ibi tó ń yà sí. Ó ya sínú ìbòòji, ó ya síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Oòrùn ló yan èyí tó máa yè.

Nítorí náà, ẹni tó wọ igbó tó gé gẹdú tó sì bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó la ọ̀nà tí kò nílò, ẹni tó dáko tó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán, àwọn ló ṣílẹ̀kùn. Igi tákàdá bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí ni. Ohun kan náà ni ewé Akíntọ́lá ń ṣe, ìdí nìyẹn tí o fi máa ń bá àwọn méjèèjì níbì kan náà.

Òótọ́ ni pé ẹranko ń jẹ ẹ́. Ní igbó Budongo ní Uganda, àwọn ìnàkí ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ewé rẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń jẹ ẹ́ náà ló ń gbé e kiri.

Ti pé ó ń dá igbó padà, ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Nínú igbó tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, àwọn igi fúyẹ́ tó ń yára dàgbà ló máa ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á bo ilẹ̀, ọmọ àwọn igi tó ń pẹ́ dàgbà á máa hù lábẹ́ wọn, tó bá yá, àwọn tó kọ́kọ́ dé á kú, wọ́n á gbà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Igi tákàdá ń wá bíi tiwọn, àmọ́ kì í lọ bíi tiwọn. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn nínú ilẹ̀, atẹ́gùn líle a máa wó o, síbẹ̀ kí ibi tó wó sí tó gbẹ, ọmọ gbòǹgbò ti gba àyè náà. Wọ́n á dí pọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ igi onílé rí ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù tó lè fi dìde. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Igi yìí ń gbìyànjú láti dá a ṣe.

Tí o bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kíláàsì, má kàn lọ jiyàn. Mú okùn, wọn ìgbésẹ̀ mẹ́wàá níbùú àti lóròó lábẹ́ igi tákàdá tó ti gbó, kí o sì ka ọmọ igi tó wà níbẹ̀, irú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lábẹ́ igi onílé tó ga tó o, tí kò jìnnà síbẹ̀. Wòkè níbi méjèèjì, kí o kọ bí ojú ọ̀run ṣe hàn tó. Má fo èyí tí o kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Fún un ní nọ́ńbà, kí o sì tẹ ewé rẹ̀ sáàárín ìwé. Mo fẹ́ rí ohun tí o bá kà.

Ìbéèrè

Igi kan wà níwájú ibi iṣẹ́ wa tó máa ń yọ èéfín lówùúrọ̀. Iná kò sí níbẹ̀. Àsìkò tí nǹkan gígùn bíi kòkòrò bá ń rọ̀ lára ẹ̀ka rẹ̀ ni. Èéfín náà á rú fùú, á pòórá, òmíràn á tún rú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, imú mi kì í gbẹ, ojú mi á máa yún mi, mo sì ń sín títí di ọ̀sán. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ojú mi ló ń tàn mí. Ewé rẹ̀ le lójú, ó rọ̀ lẹ́yìn.
Akọ̀wé kan

Ìdáhùn

Ojú yín kò tàn yín rárá. Akọ igi tákàdá lẹ rí, èéfín yẹn sì ni àtíkè òdòdó rẹ̀.

Mo já irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ rí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo fi sínú ife omi, mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń kọ́kọ́ dé. Mo gbé awò mi lé e, mo sì dúró. Nǹkan gígùn tó ń rọ̀ dirodiro yẹn kì í ṣe òdòdó kan, ọgọ́ọ̀rọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló so mọ́ ọn. Nínú òdòdó kọ̀ọ̀kan, òpó kéékèèké mẹ́rin tó gbé àtíkè tẹ̀ kọrọdọ sínú, bí ọrun tí wọ́n ti fà tí wọn kò tíì tú sílẹ̀. Bí oòrùn ṣe gbẹ ìrì lára wọn, ọ̀kan ta. N kò rí i nígbà tó ń ta. Ohun tí mo rí ni pé ó ti nà, àtíkè sì ti wà lójú dígí awò mi. Morus alba, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ń ṣe bákan náà. Ní 2006 àwọn onímọ̀ wọn eré àtíkè tirẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ju ìdajì eré ìró lọ.

Atẹ́gùn ló ń gbé àtíkè yìí wá abo kiri, kì í ṣe oyin, ìdí nìyẹn tó fi ń tú u jáde ní àtúdànù. Ìlú tó mọ ìyà rẹ̀ jù ni Islamabad ní Pakistan. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìlú náà ní àwọn ọdún 1960, wọ́n gbin igi tákàdá kí ibẹ̀ lè tètè tutù, kó sì ní ewé. Ní oṣù Kẹta ọdọọdún títí di òní, àtíkè rẹ̀ máa ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ìlú náà débi pé àwọn tó ní ikọ́ fée kì í rí èémí mí dáadáa, wọ́n sì ń ka iye rẹ̀ fún aráàlú bí wọ́n ṣe ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí.

Ẹ ti fèrèsé lówùúrọ̀ lásìkò náà, ẹ fi aṣọ bo imú tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹ sì fọ ojú tí ẹ bá wọlé. Tí àyà bá ń fún yín tàbí tí èémí bá ń ṣòro, ẹ má dúró de lẹ́tà mi, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ wá fi ìdáhùn yìí han ẹni tó ni igi náà. Tí ó bá gbà láti mú un kúrò, ẹ sọ fún un kó ka ohun tí mo kọ sí Bàbá Ìbejì kó tó pe ẹni tó máa bẹ́ ẹ.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ èéfín yìí kan ẹ̀yin náà. Ẹ já ọ̀kan nínú àwọn èso pupa yẹn, kí ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Tí ẹ bá kan kóró tó le nínú rẹ̀, akọ kan wà níbi tí atẹ́gùn ti lè gbé àtíkè dé ọ̀dọ̀ yín. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ọgbà aládùúgbò. Nígbà tí wọ́n bá tún tanná, ẹ jáde síta ní òwúrọ̀ tí oòrùn bá ràn, kí ẹ wo ibi tí èéfín ti ń rú.